Kọ́kọ́rọ́ Orí Tábìlì

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Pásítọ̀ Ọlọ́runyọmí ló ní kí n ra ìwé. Ó ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí ojú mi bá rí sílẹ̀, kí ẹ̀rí mi lè kún tó bá di ọjọ́ ìkórè. Mo ti rà á. Kí n má tún pa á tì bíi ti èṣí tí mo kọ ojú ewé méjì péré.

Àwa wẹ́dà ṣèpàdé lónìí. Láti ìgbà tí sílíńdà gáàsì ti bú lóṣù Kẹta, tó sì jó ọkùnrin méjì nínú wa, ni wọ́n ti ń sọ pé Ògún ń bínú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bọ ọ́ a bọ ọ́, àwa yòókù a jókòó jẹ́ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú irin iṣẹ́ rẹ̀ kan wá, kí wọ́n kó o jọ síwájú Ògún ní ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ ajá sí i. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, wọ́n á so màrìwò mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwa méjì la dìde. Mo ní Jésù ni mo ń sìn, mi ò lè ṣe é. Zulkifli tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní òun ò lè gbé irin òun síwájú ohun tí kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìwọ Nehemiah, tí orúkọ bàbá ẹ ń jẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Àjàgbé, alága wa, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn ń wò mí.

Àìkú, 13 Oṣù Keje

Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú ìjọ. Pásítọ̀ ka ibi tí àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù ti ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Ó ní Nehemiah tiwa rèé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Mo gbé àyà síwájú bí mo ṣe ń pa dà sí àyè mi.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Wọ́n ti so màrìwò. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó wà lẹ́nu ti Zulkifli. Kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó gbà á, àmọ́ oníbàárà wo ló máa gba abẹ́ màrìwò kọjá? Wọ́n tún ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má yá wa ní gáàsì, kí ẹnikẹ́ni má sì ta irin fún wa.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Òjò láti àárọ̀. Ìyá tó ni géètì ńlá wá gbé e. Mo ti ṣe é dé ìdajì. Ó ní, "Wẹ́dà, ẹ má bínú sí mi, ilé ni mo ń kọ́, mi ò fẹ́ kí ohun burúkú tẹ̀ lé mi wọ ibẹ̀." Èmi fúnra mi ni mo bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí mi, mo ń gbé iṣẹ́ ara mi lọ fún ẹlòmíì nínú òjò.

Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Gàrí lánàá, gàrí lónìí. Wọ́n ní ó ti wálẹ̀ díẹ̀ lọ́jà. Ọpẹ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Zulkifli ti ń ti bárò lọ́jà Ìgbọ̀nà. Ọkùnrin tó lè fi irin ya òdòdó sára géètì! Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló máa ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, a óò jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi tó wà ní títì, a óò pín búrẹ́dì. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé, ohun tó pa àwa méjèèjì pọ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀, ẹ kúuṣẹ́" lọ.

Lónìí ó ní, "Bàbá Ìfẹ́, ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?"

Mo ní, "Kí ló máa rẹ̀ mí? Ṣé ó ti rẹ ìwọ ni?"

"Ó ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́. Ikhlas ọmọ mi bi mí lánàá pé ìgbà wo ni mo máa pa dà di wẹ́dà. Àmọ́ tí mo bá ti rántí pé ìwọ náà wà níbí, màá sọ pé alihamudulilai, mi ò dá wà."

Ó ní ká ṣèlérí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú wa, kó kọ́kọ́ wá sọ fún ẹnì kejì, kò níí bínú. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ tún ṣe "àmín" sí i.

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀gá Àjàgbé wá sílé wa ní Dàda Estate nírọ̀lẹ́. Ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀kadà ló gùn wá. Mo dọ̀bálẹ̀. Julianah ìyàwó mi gbé omi fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó sì gba ilé ìdáná lọ.

Wọ́n ní, "Nehemiah, ọdún mẹ́rin lo fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo nà ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa nà ọ́ báyìí tó o ti di bàbá ọmọ."

"Ẹ ṣé, sà."

"Má wá síbẹ̀. Má kúnlẹ̀. Má jẹ nínú ẹran. Òòlù tí mo fún ọ lọ́jọ́ fírídọ̀mù rẹ nìkan ni mo fẹ́. Màá fi aṣọ wé e, màá tì í sábẹ́ irin àwọn yòókù. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti pa dà sáyè rẹ̀, màá sì ní kí wọ́n já màrìwò rẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o lọ́wọ́ sí i."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò lè fún yín." Mo sọ ọ́ dáadáa, ohùn mi ò gbọ̀n. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ìwé yìí ì bá dùn ún kà.

Wọ́n ní ó dáa. Wọn ò dìde. Wọ́n ń wo fọ́tò Ìfẹ́olúwa ọmọ mi lára ògiri, wọ́n bi mí bóyá yóò lè wọlé sílé ìwé lóṣù Kẹsàn-án. Mo kọwọ́ bọ àpò, mo yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀wù."

Ẹ̀wù wo? Ẹ̀wù ọrùn mi mọ́ tónítóní. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka ení, èjì, títí mo fi ka igba. Nígbà tí mo jáde, Ọ̀gá ti lọ. Omi wọn wà níbẹ̀, wọn ò fẹnu kàn án. Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀.

Mi ò fún wọn o. Kó wà lákọsílẹ̀ pé mi ò fún wọn.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Julianah pé mò ń lọ kí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ó ní kí n kí wọn. Kò béèrè ohunkóhun.

Ọkọ̀ wa gba ẹ̀gbẹ́ Ìgbọ̀nà. Mo rí Zulkifli. Ó di iṣu sínú bárò, ó ń tì í bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, òógùn bò ó. Mo gbé pépà ẹni tó jókòó tì mí, mo fi bojú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Òní ni wọ́n ń bọ ọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi, mò ń bá wọn gé igi.

Ìyá mi ti sọ ọ́ kárí àdúgbò. Èèyàn mẹ́ta ló ti wá kí mi. Màmá ní, "Ọmọ mi, o kú uṣẹ́ Olúwa. Bàbá rẹ ì bá wà láyé kó rí ọ." Wọ́n pa adìẹ fún mi, adìẹ tó ń yé ẹyin. Mo jẹ ẹ́. Mo tún jẹ itan kejì nígbà tí wọ́n bẹ̀ mí.

Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti já màrìwò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ti Zulkifli ṣì wà níbẹ̀.

Julianah ní òun bá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀ àná, òun sì ti fi í kọ́ sórí ìṣó. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Òòlù wà ní ibi tó máa ń wà. Wọ́n ti nù ún, àmọ́ epo pupa kù sí ọrùn rẹ̀, ohun mìíràn tó ti gbẹ sì wà níbi tí irin ti wọ inú igi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Mo tún ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta báyìí.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Ìjọ ti gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù mi ti ṣí. Wọ́n jó. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ló fọwọ́ ara rẹ̀ já màrìwò. Ó ní lọ́jọ́ ìkórè, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọ́n á fi mí jẹ díákónì. Ó sì ní kí n mú irin iṣẹ́ mi kan dání, kí gbogbo ìjọ rí irin tí kò tẹríba. "Òòlù yẹn," ni ó wí, "èyí tí ọ̀gá rẹ fún ọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Iṣẹ́ méjì wọlé. Àlejò ọdún Ọ̀ṣun kún ìgboro, kò sí kẹ̀kẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Zulkifli gba ọ̀dọ̀ mi wá láti ìrun Jímọ̀, nínú aṣọ funfun rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn láti rí mi.

Ó ní wọ́n pe òun sípàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní kí òun má ya olórí kunkun, torí ọ̀rẹ́ òun ti mú tirẹ̀ wá. Òun ní irọ́ ni, òun rò pé ìjọ mi ló bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi já màrìwò mi. Wọ́n ní àwọn rí òòlù náà lábẹ́ irin yòókù, N.O., ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, wà lára igi rẹ̀.

"Mo ní bó bá wà níbẹ̀, ẹ jí i ni! Mo ní ọkùnrin yẹn ò lè ṣe é láìsọ fún mi. Bàbá Ìfẹ́, mo búra. Mo ní wàláì, Nehemiah ò fún yín. Níwájú gbogbo wọn."

Mo bi í pé kí ni wọ́n wá sọ.

"Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá Àjàgbé. Bàbá yẹn ní òun lòun mú un, kò sẹ́ni tó fún òun. Alága wa! Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú irin rẹ̀ láìgbàṣẹ! Ìwọ náà mọ òfin ẹgbẹ́. Wọ́n máa yọ ọ́ nípàdé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n."

Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n bínú sí olè. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "O ṣeun." O ṣeun! Ó ní, "Kí lò ń dúpẹ́ sí? Ṣé ìwọ kò níí búra fún mi ni?"

Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Ọ̀gá nílé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde.

Mo ní, "Ẹ̀yin Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún yín."

Wọ́n ní, "Mo sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé kí n wá yí ọ̀rọ̀ mi pa dà torí pé ilẹ̀ ti gbóná?"

"Wọ́n máa yọ yín, sà. Wọ́n máa pè yín lólè."

"Wọ́n ti pè mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà lórí àga yẹn, ìdí ń ro mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún gé ẹ̀kọ. "Ẹni tó ń bọ Ògún kì í dalẹ̀. Ìyẹn la fi ń bọ ọ́. Dìde, bá mi jẹun."

Mi ò lè jẹ ẹ́.

Lójú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ tò fún mi. Mùsùlùmí fi orúkọ Ọlọ́run rẹ̀ dúró fún mi. Ẹni tó ń bọ Ògún gbà kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ kí tèmi má baà bàjẹ́. Nínú àwa mẹ́ta, èmi tí wọ́n fẹ́ fi jẹ díákónì nìkan ni mi ò pa ohunkóhun mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ nínú ìwé yìí pé mi ò fún wọn. Mo fún wọn. Gbígbé sórí tábìlì, fífún ni.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti lẹ pósítà ìkórè mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò mi wà níbẹ̀, mo káwọ́ gbera. Ìgbà ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo ya fọ́tò náà.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Julianah. Ó ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Mo rí kọ́kọ́rọ́ yẹn lórí tábìlì. Láti ilé ìdáná ni mo ti rí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni, mo lè jáde wá gbé e." Ó ṣa òkúta kan jáde. "Mo ro owó ilé ìwé Ìfẹ́, mo dúró síbi tí mo wà."

A jọ sunkún. Mo bi í pé tí wọ́n bá tún ti ṣọ́ọ̀bù pa ńkọ́. Ó ní, "A ti jẹ gàrí rí. Lọ sọ ọ́."

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ ọ́.

Ilé ìpàdé kún. Zulkifli jókòó síwájú, ó ti fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò jókòó síbẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, mo ti dìde. Mo ní Ọ̀gá Àjàgbé kò jalè. Mo ní èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, tí mo wọ yàrá lọ, kí wọ́n lè rí i mú. Mo ní mo mọ ohun tí wọ́n wá gbà, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbà á, kí ilẹ̀kùn mi lè ṣí. Mo ní Zulkifli búra torí pé ó gbà mí gbọ́, kí wọ́n má dá a lẹ́bi. Mo ní Kristẹni ni mí, irin mi kì í ṣe ti Ògún, ohun tí mo ṣe yẹn, ojú ń tì mí, mi ò sì níí ṣe é mọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Akọ̀wé ní, "Ṣé o mọ̀ pé màrìwò máa pa dà?" Mo ní mo mọ̀. Ọ̀gá bo ojú wọn. Ẹgbẹ́ ò yọ wọ́n mọ́, wọ́n ṣì wà lórí àga alága.

Zulkifli dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, aṣọ rẹ̀ kan ọwọ́ mi. Kò wò mí.

Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ

Mo ti kọ́kọ́ sọ fún Pásítọ̀ lánàá. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n dúró sílé, òun á sọ pé ara mi ò yá, ká má dójú ti ìjọ. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ ní, "Rárá. Wá."

Mo mú òòlù náà dání bó ṣe ní kí n mú un. Mo ní irin tí kò tẹríba kọ́ nìyí o. Mo sọ ọ́ tán láì mu omi. Mò ń gbọ́ ìró fáànù. Ìyá àgbà kan sọ fún ẹnì kejì rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sílẹ̀ tó, "A ti pàtẹ́wọ́ fún un o."

Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni oṣù mẹ́ta lórí àga ẹ̀yìn. Kò sí jíjẹ oúnjẹ Olúwa, kò sí díákónì. Ìfẹ́olúwa kúrò láàárín ẹgbẹ́ akọrin, ó wá jókòó tì mí lẹ́yìn. Mo ní kó pa dà. Kò pa dà. Mi ò lè wo ojú ọmọ náà.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Màrìwò ti pa dà. Tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a.

Mo gbọ́ lẹ́nu ìyàwó Zulkifli pé ó ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra yẹn. Àlùfáà wọn ní kò di dandan, nítorí pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Zulkifli ní òun á gbà á. Oòrùn mú, bárò náà ló ṣì ń tì.

Mi ò jẹun láti àárọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Òní ni ààwẹ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo gbé omi tútù àti dàbínù lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kó foríjì mí.

Wọ́n pe ìrun. Ó jẹ dàbínù kan, ó mu omi náà tán, ó dá ife pa dà fún mi. Mo ti yíjú pa dà láti máa lọ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin kan ń wá wẹ́dà méjì ní Iléṣà. Ẹgbẹ́ tiwọn ò bìkítà nípa ohun tó ń lọ níbí. Ó ní ṣé mo mọ ẹlòmíì. Mo ní mo mọ ọ̀kan. Ó ní ṣé mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un."

Mo dúró.

"Mo ní rárá." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó ní kí n ṣáà mú un wá. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo máa wọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mo ní màá ti dé gáréèjì ṣáájú rẹ̀.

"Òòlù wo lo máa mú lọ?"

Òòlù Ọ̀gá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nínú àpò. Mi ò lè lò ó, mi ò sì lè jù ú nù. Mo kàn ń wo ilẹ̀.

"Òòlù méjì ni mo ní," ni ó wí, ó sì dìde lọ kírun.